Ìṣirò Ọ̀nà Kútọnu

Àkùkọ Lìádì kì í jí mi mọ́,
èmi ni mo ń jí i.
Aago mẹ́rin ààbọ̀, Àtàkẹ́ ṣì ń hanrun,
mo ti bọ́jú, mo ti so ìborùn mọ́ etí,
nítorí òtútù orí sẹ́mi kì í ṣe òtútù inú ilé.
Mùséfíù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń da epo páyò
láti inú ìgò sínú alùpùpù,
ó ń fi àkísà sẹ́ ẹ
bí ìyá tí ń sẹ́ ògì fún ọmọ tí kò yó rí.

Ọjọ́ tí ẹnubodè bá le, ìgò á gbówó lórí,
á sọ ọ́ láì wo ojú mi:
“Ìyá Rúkáyá, ẹ fi àádọ́ta kún un.”
Mi ò bá a jà. Alùpùpù kì í ṣe tirẹ̀.
Ẹni tó ni ín ń sùn lọ́wọ́,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ń rìn lọ bá a lójoojúmọ́.

Mo ní kàyé kan, èyí tí Rúkáyá kò kọ tán.
Inú rẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí lálaalẹ́:
sẹ́mi dé Wàńdò, igba.
Tasí dé Kútọnu, ẹgbẹ̀rin,
àwa mẹ́rin lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀,
ìgbáròkó ẹnì kan nínú ìgbáròkó ẹnì kejì.
Sẹ́mi mìíràn dé ilé ìfọṣọ, ọ̀ọ́dúnrún.
Àlọ nìyẹn. Àbọ̀ kò ní ẹ̀dínwó.
Ẹgbàajì ni wọ́n ń san fún mi lóòjọ́.
Ẹgbẹ̀tàlá ti bọ́ sójú títì.
Ẹgbèje ló bá mi wọlé,
òun náà, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Alágbàfọ̀ ni mí. Ẹ̀wù funfun àwọn ọ̀gá ni mò ń fọ̀,
mo ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ ọrùn wọn títí á fi le bíi páálí.
Ṣùgbọ́n aṣọ ìnujú tèmi, tí mo fi ń bo imú
láti Ẹ̀kpẹ̀ títí dé oríta,
bí mo bá tú u lálẹ́,
imú mi àti ẹnu mi á wà lára rẹ̀ ní dúdú,
bí àwòrán ara káàdì.
Ta ni kí n kọ ìyẹn sí lọ́rùn nínú kàyé?
Ikọ́ Mùséfíù ńkọ́, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Wàńdò
tí kì í tán kó tó yí padà?
Mo kọ “ikọ́”, mo fa ìlà.
Iwájú ìlà náà ṣófo.

Lọ́jọ́ Àlàrùba kan, tasí kú sórí afárá.
Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀,
ó bú ẹ̀rọ náà ní èdè mẹ́ta.
Mo na ẹsẹ̀. Láti ọdún méje, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí
tí mo gbọ́ ohùn omi ọ̀sà.
Orí omi yìí ni ìyá ìyá mi gbà lọ sí Kútọnu
pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata, tí wọ́n ń dúró de afẹ́fẹ́.
Ó ní wọ́n máa ń pẹ́. Ó ní ẹ̀fọn máa ń jẹ wọ́n.
Mi ò ní purọ́ pé ayé ìgbà náà rọrùn.
Apẹja kan gba abẹ́ wa kọjá, ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀,
omi tó pín sí méjì lẹ́yìn rẹ̀ ń dán
ní aró, ní èsè àlùkò, ní wúrà:
epo ló léfòó.
Ó rẹwà o. Agbọ̀n ẹja rẹ̀ ṣófo.
Tasí jí. A kó ìgbáròkó wa padà sínú ara wọn.
Níbi iṣẹ́, wọ́n yọ wákàtí kan nínú owó mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo jáde lọ da omi ọṣẹ nù,
mo rí i pé ilẹ̀kùn wa ti di àwọ̀ ewé.
“Rúkáyá, ta ló kùn ún?”
“Onílé ni, Màámi. Ó ti pé oṣù méjì.”
Mo dúró ti bákẹ́ẹ̀tì, mo ń wò ó.
Ó dára. Ó yẹ ilé náà.
Oṣù méjì gbáko ni ọwọ́ mi ti ń tì í
nínú òkùnkùn, àlọ àti àbọ̀.